Àyìnlá, mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Supra náà

Birmingham,
Ọjọ́ Àìkú

Àyìnlá ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Òtútù ibí kò tíì dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ pa mí nígbà tí o pariwo pé, "Toyota ti tà wá!", torí pé ẹ́ńjìnnì BMW ni wọ́n gbé sínú Supra tuntun, ọkọ̀ eré wọn. Mi ò fi ohùn dá ọ lóhùn, torí tí a bá ń jiyàn lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó yá, jókòó kà á.

Ọ̀kan nínú àwọn Supra tuntun náà dé ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bíréèkì lásán ni oníbàárà ní ká wò, àmọ́ kí n tó fọwọ́ kan táyà ni mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ lo sọ: àmì BMW wà lára páàtì káàkiri. Mo wọ inú ọkọ̀, lífà jíà rẹ̀, BMW ni. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń darí rédíò àti máàpù, BMW náà ni. Ó ṣe mí bí ẹni tó wọ ilé ọ̀rẹ́ tó bá aṣọ aládùúgbò lórí okùn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ bó ṣe jẹ́. Supra tí èmi àti ìwọ mọ̀, tó jáde ní 1993, kógbá sílé ní 2002. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jí i dìde, Tetsuya Tada, ọ̀gá ẹnjiníà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, dì í mú pé sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra gbọ́dọ̀ wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ni yóò sì máa ti ọkọ̀. Láìsí ìyẹn, Supra kọ́. Níbo ni Toyota ti fẹ́ rí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀? Tirẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n wá ṣe tuntun fún ọkọ̀ oníjókòó méjì tí àwọn tó ń rà á kò pọ̀, Àyìnlá, ìgbà wo ni owó yẹn fẹ́ padà wálé? BMW ṣì ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí, òun náà sì ń wá ẹni tí yóò bá a dá owó ọkọ̀ eré rẹ̀, Z4 tuntun. Ni wọ́n bá fọwọ́ síwèé àdéhùn ní oṣù Kìíní ọdún 2013. Oṣù Kìíní 2019 ni Supra tó fojú hàn ní Detroit.

Egungun ni wọ́n jọ ṣe. Wọ́n fẹnu kò lórí ìwọ̀n táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn, mìlímítà 2,470, ó kúrú gan-an fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. BMW ṣe Z4 tó ń ṣí òrùlé; Toyota bo ti Supra pa, ó sì tún ṣọ́ọ̀kì àti sítiárìn rẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Agbẹ̀bí kan náà ló gbẹ̀bí àwọn méjèèjì, ilé iṣẹ́ Magna Steyr ní ìlú Graz, ní Austria. Bẹ́ẹ̀ ni, Supra ò tilẹ̀ ti Japan wá.

Mo mọ̀ pé 2JZ, ẹ́ńjìnnì Supra àtijọ́, lo máa fi dá mi lóhùn. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, tọ́bò tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì jẹ́ méjì, àwọn èèyàn sì ti fún un jáde títí ó fi kọjá agbára ẹṣin 1,000. B58, ẹ́ńjìnnì BMW tó wà nínú Supra tuntun, lítà mẹ́ta náà ni, tọ́bò kan, búlọ́ọ̀kù alumíníọ́mù, agbára ẹṣin 340. Mi ò ní kí o gbàgbé 2JZ. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló kọ́kọ́ gbé 2JZ onítọ́bò méjì yẹn? Supra kọ́ o. Toyota Aristo ni, ọkọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rin, ní 1991. Lexus GS 300 tí à ń tú palẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò nígbà yẹn, tí ọ̀gá ń jágbe mọ́ wa lé lórí, 2JZ ló wà nínú rẹ̀, tọ́bò ni kò ní. Ẹ́ńjìnnì tí o ń fi búra yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń gbé ilé tó ju ẹyọ kan lọ.

Ká tún lọ sẹ́yìn. Ọkọ̀ eré 2000GT ti 1967, tí àwọn olówó ń ra lówó gegere báyìí, Yamaha ló bá Toyota tò ó. Ẹ́ńjìnnì Toyota Crown ni wọ́n mú, Yamaha sì gbé orí tuntun lé e. Ta ló pariwo?

Ìwọ gan-an ńkọ́? Ta ló gbé ẹ́ńjìnnì Toyota wọ inú bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe Toyota, tó fi wẹ́dà so ìjókòó rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó wá gba owó olówó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì? Mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún ọ lóru ọjọ́ yẹn o. Má sẹ́.

Ibi tí o ti jàre wà. Ẹni tó ra Toyota, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló rà: mẹ́káníìkì abẹ́ igi èyíkéyìí mọ̀ ọ́n, páàtì rẹ̀ sì kún ọjà Gate. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá kú, ìwé BMW lo máa ṣí, owó BMW lo sì máa san. Wọ́n tún kọ́kọ́ gbé e jáde pẹ̀lú jíà aládàáṣe nìkan; ọdún 2022 ni wọ́n tó fún un ní jíà ọlọ́wọ́, lẹ́yìn tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ké títí. Ìyẹn dùn mí ju àmì BMW lọ.

Mo wà á yí àdúgbò lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí mo parí bíréèkì, ká lè mọ̀ pé ó mú. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti 2JZ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ní títì tó já gbọọrọ, mo ké "yéè!" bí ọmọdé, mi ò sì rántí ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì.

Oníbàárà á wá mú un lọ́jọ́ Ẹtì. Màá ya fọ́tò abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ọ kó tó dé. Bá mi kí ọ̀gá wa, kí o sì béèrè bóyá GS 300 yẹn ṣì wà lábẹ́ máńgòrò, torí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, mo fẹ́ rà á.

Èmi ni,
Àkàndé