Lẹ́tà láti ìdí afárá Vaison

Vaison-la-Romaine,
Ilẹ̀ Faransé.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàgbọ́ pé ara gbogbo yín le. Ṣé òjò ti fún yín láyè láti da kọnkéré ilé tó wà lọ́wọ́ rẹ? Àwa náà wà dáadáa. Ilé ìwé ti gba họlidé, la bá di àgọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, a fi London sílẹ̀, a wá pàgọ́ sí ìlú kékeré kan ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, nítòsí òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Mont Ventoux. Abẹ́ igi là ń sùn. Ìyá Tòbí ń dáná lórí sítóòfù gáàsì kékeré, òórùn ọbẹ̀ ata sì ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó pàgọ́ yí wa ká.

Láti ọjọ́ tí a ti dé ni ọkàn mi ti ń lọ sọ́dọ̀ rẹ, nítorí iṣẹ́ òkúta tó wà níbí. Ká ní o wà níbí ni, o ò ní fẹ́ kúrò. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti afárá.

Odò kan tó ń jẹ́ Ouvèze ló la ìlú yìí sí méjì. Àwọn ará Róòmù ló tẹ́ afárá lé e lórí, ó sì ti ń lọ sí 2,000 ọdún báyìí. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ojú náà sì fẹ̀ tó mítà 17. Kò sí òpó kankan láàárín omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jókòó lórí àpáta ní bèbè ìhín, èkejì jókòó lórí àpáta ní bèbè ọ̀hún. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, mo sì fọwọ́ pa òkúta rẹ̀ lára. Òkúta ńláńlá ni, wọ́n gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè bá ìtẹ̀kọrọ̀dọ̀ ojú afárá náà mu, wọ́n wá tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí tí wọ́n fi pàdé lókè. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, mò ń gbọ́ ìró mọ́tò tó ń kọjá lórí mi. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì gbìyànjú láti fi àdó olóró wó o. Kò wó.

Èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992. Òjò àrọ̀ọ̀dá rọ̀ sórí àwọn òkè tó yí ibí ká, láàárín wákàtí díẹ̀ Ouvèze ru sókè, ó ya wọ ìlú. Ó gbé mọ́tò, ó gbé ilé, ó sì gbé ibùdó àgọ́ tó wà létí odò nígbà náà, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó wá gbafẹ́ bíi tiwa. Àwọn tó kú nínú ìlú yìí nìkan lé ní 30. Omi gun orí afárá yẹn, ó gbá ìgànná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n afárá fúnra rẹ̀ dúró gbọn-in. Ìwọ mọ ohun tí mò ń sọ, ìwọ tí omi Ògùnpa gbé ṣọ́ọ̀bù bàbá yín lọ ní 1980. Ká tó na àgọ́ wa, mo ti rí i dájú pé ibi tí a wà jìnnà sí odò, síbẹ̀ nígbà tí òjò kan kù gììrì lóru, mo jókòó títí ó fi dá.

Bí wọ́n bá ní o wá wo àwókù ìlú àwọn ará Róòmù, o lè rò pé òkúta mélòó kan lásán lo máa rí. Àdúgbò odindi ni. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí, Puymin àti La Villasse. Òpópónà tí wọ́n fi òkúta tẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé ìwẹ̀ wà, ilé àwọn olówó wà, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n fi òkúta ṣe ìjókòó rẹ̀, tí gọ́tà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, Joseph Sautel, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú u jáde ní 1907, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Maurice Burrus, olówó tó ń ṣòwò tábà, ló ń ná owó sí i. Nítorí ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ṣe fi “la-Romaine” kún orúkọ ìlú ní 1924. Mo bọlá fún àwọn méjèèjì gan-an: ìmọ̀ ọ̀kan àti owó èkejì ló jẹ́ kí n rí ohun tí mo rí.

Láti Puymin, ihò kan wà tí wọ́n gbẹ́ la inú òkè kọjá. O máa gba inú òkùnkùn rẹ̀, o máa yọ sí ibi ìṣeré orí ìtàgé tó ń gba nǹkan bí 6,000 ènìyàn, tí ìjókòó rẹ̀ ń gun ara òkè lọ. Tòbí sáré lọ sí iwájú, ó kọrin, a sì gbọ́ ọ ketekete lórí ìjókòó òkè pátápátá. Abẹ́ ilẹ̀ ibi ìṣeré yìí ni wọ́n ti hú ère mábù àwọn ọba Róòmù jáde: Claudius, Domitian, Hadrian àti Sabina aya rẹ̀. Wọ́n wà ní mùsíọ́mù tó wà lórí ilẹ̀ náà. Tòbí dá Hadrian mọ̀ nítorí odi rẹ̀ tó wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́ wọn níléèwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fojú rí jù ni ìpìlẹ̀ kàtídírà wọn. Lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níta, kí o bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Àwọn òpó àwọn ará Róòmù, tí wọ́n ti gé sí kélekèle, ni wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì fi jókòó lé wọn. O ṣì ń rí àmì ọnà tí wọ́n gbẹ́ sí òmíràn lára. Àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọ̀rúndún 11 àti 12 bá òkúta gidi nílẹ̀, wọ́n sì lò ó. Ìwọ náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀rúndún 12 yẹn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín bíṣọ́ọ̀bù àti ìjòyè Toulouse. Ìjòyè yìí kọ́ ilé olódi sórí àpáta tó wà ní òdìkejì odò. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú fi ilẹ̀ pẹrẹsẹ sílẹ̀, wọ́n gòkè lọ tẹ̀ dó sí ìdí rẹ̀ fún ààbò, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an kí ọmọ ọmọ wọn tó tún padà sọ̀kalẹ̀. A gun ibẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀nà tóóró ni gbogbo rẹ̀, òkúta wẹẹrẹ lẹsẹ̀ ń tẹ̀, ẹnubodè kan wà tí agogo rẹ̀ wà nínú àgò irin lókè. Ẹsẹ̀ ń ro ìyá Tòbí, ṣùgbọ́n ó ní àfi kí òun dé ìdí ilé olódi náà, ó sì dé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ ọjà wọn. A ra ólífì, bàrà aládùn àti òróró, mo sì ti fi ìgò òróró kan pamọ́ fún Ìyá Ìbejì.

Mo ya àwòrán abẹ́ afárá náà láti ọ̀nà púpọ̀, màá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Jọ̀wọ́, wò wọ́n dáadáa kí o sì ṣàlàyé fún mi: igi wo lẹ rò pé wọ́n fi gbé òkúta dúró títí èyí tó wà láàárín fi wọlé, tí ẹ̀yin oníṣẹ́ bá fojú yín wò ó? Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ kí o tó fèsì. Bá mi kí àwọn ìbejì, kí o sì bá mi kí gbogbo àwọn ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bàbá Tòbí