Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi n'Íbàdàn lórí láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ iléèwé

Portland, ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà

Bọ̀dá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú wàhálà ẹgbẹ́ òbí. Mo gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp látòkè délẹ̀, títí kan ibi tí alámọ́ínmọ́ín ti já lu ọ̀rọ̀ yín. Ara wa le níbí, òtútù nìkan ló ń fojú wa rí màbo. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé owó oògùn wọn ti wà lọ́nà.

Ẹ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún àwọn ọmọ SS1. Àwọn kan ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbé tiẹ̀ relé, ọ̀gá iléèwé ní láéláé, àfi kí wọ́n tì í mọ́ yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn àwọn tó ní kí wọ́n gbé e relé ni mo wà. Ṣé ẹ rántí yàrá kọ̀ǹpútà tiwa? Wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n bí òkú, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ tíṣà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí àlejò ìjọba bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Kò sọ́mọ tó ba ọ̀kankan jẹ́, síbẹ̀ gbogbo wọn ló kú. Bẹ́ẹ̀ láti 2015 ni JAMB ti sọ gbogbo UTME di ti kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan máòsì rí, ọjọ́ ìdánwò ló fẹ́ kọ́ ọ ni?

Ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé yìí ló kọ́kọ́ dán irú ẹ̀ wò káàkiri ìpínlẹ̀ odidi ní Amẹ́ríkà. Angus King ni gómìnà nígbà náà. Ní 2002, àwọn ọmọ kíláàsì keje ní iléèwé ìjọba gba láptọ́ọ̀pù, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó kan kíláàsì kẹjọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ta kò ó. Síbẹ̀, wọ́n ṣe é.

Ti ọmọ mi ló wà lórí tábìlì níwájú mi yìí. Chromebook ni, ìyẹn láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google, kò tóbi, rọ́bà dúdú yí etí rẹ̀ po kó má bàa tètè fọ́ tó bá já bọ́. Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn, nọ́ńbà yẹn ló so ó mọ́ orúkọ ọmọ nínú ìwé iléèwé. Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnì lẹ́tà kan yọ kúrò lára rẹ̀, torí ọ̀gbẹ́ni yìí máa ń fi èékánná họ ọ́ tí ìṣirò bá ti le. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó gbé e lọ láàárọ̀, wọ́n fún un ní òmíràn kó máa lò ó ná, wọ́n sì gba tiẹ̀ fún àtúnṣe. Wọn ò nà án, wọn ò sì ránṣẹ́ pè mí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti buwọ́ lùwé, tí mo sì san owó díẹ̀ sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mò ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ nìyẹn, Bọ̀dá. Bí owó ẹgbẹ́ bá tó ogójì, ẹ ra márùndínlógójì, kí ìyókù wà nílẹ̀ fún ṣájà, bátìrì àti ojú ẹ̀rọ tó bá fọ́. Mo mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ogójì ló dùn ún kà níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní òbí ni yóò san gbogbo owó ẹ̀ tó bá bàjẹ́, ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà á fi aṣọ wé e, á tì í mọ́ àpótí, ọmọ ò sì ní rí i lò. Yàrá kọ̀ǹpútà tún dé nìyẹn, inú ilé ló kàn wà.

Ti iná, ẹ má wojú iná ìjọba. Ẹ fi sólà sí iléèwé, kí wọ́n gba iná sí i lọ́sàn-án kí wọ́n tó gbé e relé. Ti dátà náà, ẹ wo ohun tí Ọ̀ṣun ṣe ní 2013, nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé, jáde: inú ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí, kò dìgbà tọ́mọ bá ní dátà. Èèyàn lè bá ètò náà wí lórí nǹkan mìíràn, àmọ́ wọ́n ro ti ibẹ̀ yẹn dáadáa. Kiwix wà lónìí tó ń jẹ́ kéèyàn kó odidi Wikipedia sínú ẹ̀rọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn níbí ni ìṣọ́ni. Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2000 ní kí iléèwé tó ń gba ẹ̀dínwó íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn dínà àwọn àwòrán ìṣekúṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ mi ń wá ọ̀rọ̀ nípa jẹjẹrẹ ọmú fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ̀rọ ní èèwọ̀ ni! Ti iléèwé kan nítòsí Philadelphia tún burú ju ìyẹn lọ. Ní 2010, àwọn òbí rí i pé kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù iléèwé ti ń ya àwọn ọmọ nínú ilé wọn. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n sì fi 610,000 dọ́là parí ẹjọ́. Tépù ni ọmọ mi fi bo kámẹ́rà tiẹ̀, mi ò sì bá a wí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín pé kò sí tíṣà tó láṣẹ láti ti ọ̀nà jíjìn ṣí kámẹ́rà ọmọ kankan.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà ní Queen Cinema, ẹ ṣọ́ra o. Ọ̀pọ̀ Chromebook tí iléèwé ìhín bá pa tì ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. Tí iléèwé tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò bá tíì yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ara wọn, bẹ́ ẹ ṣe tan án báyìí, orúkọ iléèwé yẹn lá jáde, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣojú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ tún béèrè ọjọ́ tí àtúnṣe ètò inú rẹ̀ látọ̀dọ̀ Google máa dópin. Àwọn tó jáde láti 2021 ní ọdún mẹ́wàá, àmọ́ ìgbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á.

Ìpín tèmi ti wà nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ìwé àdéhùn náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí n kà á, màá wá san owó sí àpò ẹgbẹ́. Tí ọ̀gá iléèwé bá taku pé yàrá kọ̀ǹpútà náà ni, ẹ sọ fún un pé owó mi ò sí níbẹ̀. Ẹ fọgbọ́n sọ ọ́ o, ọmọ yín ṣì wà lábẹ́ ẹ̀.

Àbúrò yín,
Àbẹ̀kẹ́