Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: "Ẹ MÁ ṢE JÀ NÍ Ọ̀NÀ"

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín lórúkọ Olúwa.

Ẹ ti gbọ́ pé ọ̀kan nínú wa fa spánà yọ lójú títì, ó sì ṣe ọlọ́kadà kan léṣe. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín lọ́sẹ̀ yìí, kò sì jẹ́ kí n sùn: Jẹ́nẹ́sísì 45:24. Jósẹ́fù ń sin àwọn arákùnrin rẹ̀ sọ́nà láti Íjíbítì padà sí Kénáánì. Ọ̀rọ̀ tó fi dágbére fún wọn ni pé, kí wọ́n kíyè sí i, kí wọ́n má ṣe jà ní ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ Fáráò ni wọ́n ń kó lọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 10 ru ohun rere Íjíbítì, abo 10 mìíràn ru ọkà àti oúnjẹ fún baba wọn. Ìyàn mú níbi gbogbo, àwọn ní oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú ti fẹnu kò wọ́n lẹ́nu, ó ti sunkún sí wọn lára. Kí ló wá kù tí wọn yóò fi jà? Èéṣe tí Jósẹ́fù kò fi kìlọ̀ olè fún wọn, tàbí oòrùn, tó jẹ́ ìjà ló ń bẹ̀rù?

Ó mọ̀ wọ́n ni. Ní orí 42, ẹsẹ 22, Rúbẹ́nì ẹ̀gbọ́n wọn ti ń rán wọn létí níwájú rẹ̀ pé ṣebí òun sọ fún wọn kí wọ́n má ṣẹ̀ sí ọmọ náà. Wọn kò mọ̀ pé ó gbọ́ èdè wọn. Òun fúnra rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Bẹ́ńjámínì ní ìpààrọ̀ aṣọ 5 ni, àti 300 owó fàdákà, nínú ilé tó jẹ́ pé aṣọ ló kọ́kọ́ dá ìlara sílẹ̀. Jósẹ́fù mọ̀ pé ìjà àtijọ́ wà nínú ẹrù wọn. Bí oòrùn bá mú, tí ẹnì kan fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ gba iwájú ẹnì kejì, gbogbo rẹ̀ yóò tú síta.

Ará, ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú gò-sílóò Ìwó Road tó ń gbá Micra lójú gíláàsì, ṣé Micra ló ń bá jà? Owó ilé-ìwé tí kò tíì san ni. Ọ̀gá tó bú u láàárọ̀ ni. Ọlọ́kadà tí kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Oríṣiríṣi àwíjàre ni mo ti gbọ́. Wọ́n ní àwọn ọlọ́kadà kò ní sùúrù; òótọ́ ni. Wọ́n ní ẹni náà ló kọ́kọ́ bú ìyá ẹni. Wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ má tì í sí èṣù lọ́rùn! Ẹni tó dá mọ́tò dúró láàrin títì, tí kò pa ẹ́ńjìnnì, tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu àti ọmọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, tó rìn yí ọkọ̀ ká lọ ṣí búùtù kó tó rí spánà mú, Ẹ̀mí Mímọ́ ráyè bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìrìn yẹn. Kò fẹ́ gbọ́ ni. Sítíkà ìjọ sì wà lára gíláàsì, aráyé ń kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti awakọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ pé, "Ṣé o máa jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ ni?", ẹ̀yin náà lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba wọn-wéè kẹ́ ẹ lè tètè dé ìpàdé àdúrà, irú àdúrà wo nìyẹn?

Bí o bá sì ti fa ọgbẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ lára, má rán pásítọ̀. Mo máa bá ọ lọ, mo máa dúró lẹ́yìn rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ ni yóò sì bẹ̀bẹ̀. Owó oògùn, san án kí wọ́n tó béèrè.

Mo fẹ́ràn yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ẹni tí a ti ilẹ̀kùn ilé yìí mọ́. Jósẹ́fù mọ ìwà àwọn arákùnrin rẹ̀, síbẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ náà padà. Ó kìlọ̀ fún wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Bàbá arúgbó kan wà nílé tó rò pé ọmọ òun ti kú. Bí wọ́n bá pa ara wọn lọ́nà, ta ni ìbá sọ fún un pé Jósẹ́fù wà láàyè? Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ yín mọ́.

Ìfilọ̀: Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkórè di Sátidé, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ọrẹ àkànṣe wà lẹ́yìn ìwàásù fún owó ọsibítù ọlọ́kadà náà. Kò bọ́ ẹrù kúrò lọ́rùn ẹni tó ni ín. Ẹ fi 122 sínú fóònù yín, nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni, ọ̀fẹ́ ni. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pè é dípò kẹ́ ẹ máa ya fídíò. Ẹ má fi ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà Alhaji mọ́ o, wọ́n ti mú sùúrù fún wa tó. Àwọn akọrin, owó aṣọ kù. Ìyá Ìjọ ní kí ẹni tí ìkòkò ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀ dá a padà kó tó di Ọjọ́rú.