Ẹja kan ṣoṣo ló padà délé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Irú ẹja sámọ́nì kan wà ní ìpínlẹ̀ Idaho, Amẹ́ríkà, tó ń rìn ju kìlómítà 1,400 lọ láti òkun padà sí adágún Redfish Lake, níbi tí a ti bí i. Dáàmù mẹ́jọ ló wà lọ́nà rẹ̀. Ní 1992, ẹyọ kan péré ló dé, akọ sì ni. Ta ni yóò bá bímọ? Àwọn tó ń tọ́jú ẹja níbẹ̀ ò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ń tọ́ ọmọ ẹja lọ́tọ̀, wọ́n sì da ajílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú adágún, kí ohun tíntìntín tí ẹja kéékèèké ń jẹ lè pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni o, torí bó bá pọ̀ jù, omi á bàjẹ́.

Àwa ńkọ́? Èèwọ̀ ni ẹja pípa nínú igbó Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ò dá ẹrẹ̀ dúró. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti sọ omi di pupa. Kí ìjọba máa yẹ Ọ̀ṣun àti adágún Erinlẹ̀ wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì kéde èsì rẹ̀ fún wa.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo