Kótà òdo nìkan ò lè gba ẹja yìí là

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ gbé jáde lórí ẹja pípa nínú ibú òkun, ó dáa gan-an, àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní níwọ̀n ìgbà tí European Union, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti sọ kótà, ìyẹn iye tí òfin gbà kí wọ́n pa, di òdo, tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má pa àkùràkudà inú ibú mọ́, ọ̀rọ̀ wọn ti lójútùú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n fi ẹja kan ṣoṣo ṣàlàyé, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní Portuguese dogfish, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì mọ̀ sí Centroscymnus coelolepis.

Ẹja yìí kì í ṣe irú àkùràkudà ràgàjì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani nínú fíìmù o. Èyí tó bá dàgbà dáadáa nínú wọn ò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, abo ló sì máa ń tóbi ju akọ. Ara ẹ̀ ṣú, ẹ̀gún kékeré kan wà níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ méjèèjì, ó kéré débi pé tẹ́ ẹ ò bá fara balẹ̀ wò ó ẹ ò ní rí i. Kò tíì sí àkùràkudà tí wọ́n rí nísàlẹ̀ tó o, torí wọ́n ti bá a ní nǹkan bíi mítà 3,675, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àárín mítà 400 sí 2,000 ni wọ́n ti sábà ń rí i. Tó bá sì ti kọjá mítà 1,000 nínú òkun, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò débẹ̀ mọ́, òkùnkùn biribiri ni.

Inú òkùnkùn yẹn ló ti ń ṣọdẹ. Ojú ẹ̀ tóbi, awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ẹ̀ tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tójú ẹ̀ fi máa ń tàn ní àwọ̀ ewé tí iná bá kàn án. Ọ̀pọ̀ ẹran omi tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló ń tanná fúnra wọn, iná bíńtín yẹn lojú ẹ̀ ń wá kiri. Ẹ wá wo ẹnu ẹ̀. Eyín òkè tín-ín-rín, ó ṣe ṣóńṣó, ìyẹn ló fi ń di ohun tó bá mú mọ́lẹ̀. Tìsàlẹ̀ fẹ̀, ó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìkíní ti ìkejì pinpin títí gbogbo ẹ̀ fi dà bí ojú ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Squid, ìyẹn ẹran omi aláìléegun kan tó lọ́wọ́ púpọ̀, àti ẹja ló ń jẹ jù, àmọ́ wọ́n ti bá ègé ẹran àbùùbùtán nínú ikùn ẹ̀ rí.

Kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹja fi ń dúró nínú omi láì rì, ẹ̀dọ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá la inú ẹ̀, ẹ̀dọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí, á ti gba gbogbo inú, òróró ló sì kún inú ẹ̀dọ̀ náà fọ́fọ́. Nínú òróró yẹn ni squalene wà, ó fúyẹ́ ju omi lọ, òun ni kì í jẹ́ kí ẹja náà rì. Squalene yìí gan-an ló kó bá a, torí wọ́n ń fi ṣe ìpara, wọ́n sì ń lò ó nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára kan. Ó sì dùn mí torí pé squalene wà lára èso ólífì, wọ́n sì ti ń rí i ṣe láti ara ìrèké, kò sídìí tá a fi gbọ́dọ̀ pa ẹja kankan nítorí ìpara.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ẹja yìí kì í yé ẹyin sómi bí ọ̀pọ̀ ẹja tó ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Inú ìyá ni ọmọ ti ń dàgbà, ohun tó wà nínú ẹyin tirẹ̀ ló ń jẹ títí wọ́n á fi bí i, oyún náà á lé lọ́dún kan, ọmọ tó sì máa bí lẹ́ẹ̀kan lè má ju méjìlá sí mẹ́rìnlá lọ, 29 ni èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n tíì bá nínú ìyá kan. Tí wọ́n bá fi máa bí ọmọ ọ̀hún á ti gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 30. Ìbátan ẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń kó sínú àwọ̀n, leafscale gulper shark, àwọn onímọ̀ ti fojú bù ú pé ó lè pẹ́ tó ọdún 70 láyé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn abo tó lóyún máa ń wà lókè díẹ̀ ju àwọn ọmọ kéékèèké lọ, ẹ gbọ́ mi yé o, ìyẹn ni pé àwọn aboyún gan-an ló sún mọ́ ìwọ̀ àti àwọ̀n jù.

Kì í ṣòní kì í ṣàná ni wọ́n ti ń fa ẹja yìí jáde. Ní 1864 làwọn onímọ̀ Pọ́túgàl méjì, Bocage àti Capello, fún un lórúkọ, kò sì pẹ́ tí onímọ̀ kan láti Ireland fi rí i pé àwọn apẹja Setúbal, ìlú kan ní Pọ́túgàl, ń fi okùn ìwọ̀ fa àkùràkudà láti ibi tó jìn gan-an, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì gbà pé kò sóhun abẹ̀mí kankan níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdún 1990 ló wá bàjẹ́ pátápátá, ọkọ̀ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun ní ìwọ̀ oòrùn Scotland àti Ireland, wọ́n sì ń ta òun àti gulper yẹn papọ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, siki, kò wá rọrùn láti mọ èwo ló ń tán lọ. Nígbà tó fi máa di 2015, wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹja tó wà nínú ewu ní Yúróòpù.

Òótọ́ ni pé láti 2010 ni kótà ti di òdo. Àmọ́ kótà, ohun tí wọ́n gbé wá sí èbúté ló ń kà. Ẹja tí wọ́n fà sókè láti mítà ẹgbẹ̀rún kan, tó ti wà lẹ́nu ìwọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó jáde sínú omi tó gbóná ju tiẹ̀ lọ, tí wọ́n wá jù sẹ́yìn ọkọ̀ torí òfin ò gbà kí wọ́n tà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú tàbí kó máa kú lọ, kò sì séyìí tí kótà kà mọ́ iye tí wọ́n pa. Òfin 2016 tó ní kẹ́nikẹ́ni má wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ mítà 800 dáa, inú mi dùn sí i, àmọ́ kò kan àwọn tó ń fi okùn ìwọ̀ gígùn pa black scabbardfish, ẹja dúdú gígùn kan tó ń gbé inú ibú, bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹja yẹn ń gbé náà ni dogfish wa ń gbé.

Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni kí ibì kan wà tí ìwọ̀ ò gbọ́dọ̀ dé rárá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ní 2022, nígbà tí wọ́n ti ibi 87 pa fún gbogbo irinṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀ òkun, títí kan okùn ìwọ̀, nísàlẹ̀ mítà 400. Àwọn apẹja kan pariwo, mo mọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, mi ò sì fojú kéré ẹ̀. Síbẹ̀, ẹja tó ń lóyún fún ohun tó lé lọ́dún kan ò lè bímọ tó iye tá à ń pa.

Torí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì tún máa kọ nípa kótà, ẹ bá wa bi àwọn aláṣẹ iye àkùràkudà táwọn apẹja jù padà sómi, kì í ṣe iye tí wọ́n gbé wá sí èbúté nìkan.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan