Abẹ́ káúntì Beaufort ni Ọ̀yọ́túnjí wà

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn bá mẹ́nu ba Ọ̀yọ́túnjí, abúlé Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, orí bí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé ṣe fi olùdásílẹ̀ rẹ̀, Adéfúnmi Kìíní, jẹ ọba ní Ilé-Ifẹ̀ níbí lọ́dún 1981 ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Èyí ń mú kí àwọn èèyàn wa rò pé ààfin ni wọ́n ti ń so yìgì, tí wọ́n sì ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Irọ́ ni o.

Abúlé náà, tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1970, wà nítòsí Sheldon, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì 17, ní apá àríwá káúntì Beaufort (káúntì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Erékùṣù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń kún tó tún ń fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì lè ju mítà méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti koríko etí òkun ṣe gba àárín erékùṣù kan sí èkejì. Odò Broad ló la káúntì náà sí méjì.

Káńsù ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Àwa níhìn-ín ń dìbò yan alága. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá ni wọ́n ń yàn níbẹ̀, ẹnì kan láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́rin. Àwọn yìí ló ń mú alága láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ń gba ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kí òfin 1975 tó dé, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń darí káúntì. Ṣẹ́rífù tiwa, ìwé kóòtù ló ń gbé kiri; tiwọn, ìbò ló gbé e wọlé, òun sì ni ọ̀gá ọlọ́pàá káúntì. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn aṣòfin ló ń dìbò yan adájọ́ kóòtù gíga wọn.

Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, kóòtù tó ń rí sí ogún ni òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yóò lọ kọ̀wé sí, wọn yóò sì dúró fún wákàtí mẹ́rìnlélógún kí ìwé àṣẹ tó jáde. Babaláwo lè ṣe ètùtù tó dára, ṣùgbọ́n láìsí ìwé yẹn, òfin kò mọ̀ wọ́n ní tọkọtaya. Ìgbéyàwó à-ń-gbé-pọ̀ pàápàá, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ti fòpin sí i láti oṣù keje ọdún 2019. Ìyàwó kejì kò sí lábẹ́ òfin.

Ní ti ilẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé títà kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ni gbèdéke owó orí ilẹ̀. Tó bá kọjá, wọ́n á fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé e, tí yóò sì máa gòkè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ta ilẹ̀ náà ní gbàǹjo. Oṣù méjìlá ni onílẹ̀ ní láti rà á padà.

Ìtàn ilé ẹjọ́ wọn ló ń kó àwọn tó ń wá orírun ìdílé sí wàhálà jù. Lọ́dún 1769 ni òfin sọ ìlú Beaufort di ọ̀kan nínú ibùdó kóòtù méje. Lẹ́yìn ogun òmìnira, wọ́n gbé e lọ sí Coosawhatchie kí àwọn ará òkè má bàa máa la omi kọjá. Irà ni ibẹ̀, ibà sì dà wọ́n láàmú, wọ́n bá tún ṣí lọ sí Gillisonville. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun Sherman, ọ̀gágun ìhà àríwá, jó o lọ́dún 1865. Ọdún 1868 ni ibùdó kóòtù padà sí ìlú Beaufort. Púpọ̀ nínú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ogún ayé ẹrú ṣègbé nínú ogun yẹn.

Wọ́n tún gé káúntì Hampton kúrò lára káúntì Beaufort lọ́dún 1878, wọ́n sì dá káúntì Jasper sílẹ̀ láti ara méjèèjì lọ́dún 1912. Inú Jasper ni ibùdó kóòtù àtijọ́ méjèèjì bọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ wà ní Jasper lónìí, tó ń wá ìwé ọdún 1890, ọ́fíìsì Beaufort tàbí ti Hampton ni kó kọ́kọ́ kàn sí.

Òǹkàwé yín,
Mọ̀ọ̀rè, Ilé-Ifẹ̀