Ṣé torí pé wọn ò pọ̀ la ṣe máa pa wọ́n tì sórí omi?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú.

Gbogbo ìgbà tá a bá ti ní kí wọ́n ṣe nǹkan fáwọn ará wa tó wà lórí erékùṣù, ní Sàgbòkòjí, Tákúwà Bay, Ìrédé, Ìlasẹ̀ àti gbogbo ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn délé, èsì kan náà la máa ń gbọ́: ibẹ̀ jìnnà, èèyàn ibẹ̀ ò pọ̀, owó ẹ̀ á ti pọ̀ jù. Jíjìn wo? Tákúwà Bay tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ní CMS ẹ ò tíì jẹ gúgúrú yín tán tẹ́ ẹ máa fi débẹ̀?

Ohun tó jẹ́ kí n lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kánádà, kì í ṣe Toronto tí gbogbo ayé ń sá lọ o, ìlú kan tó ń jẹ́ Churchill ní ìpínlẹ̀ Manitoba ni, lókè pátápátá létí òkun tí wọ́n ń pè ní Hudson Bay. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n lọ́dún 2021, èèyàn 870 péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Àdúgbò kan ṣoṣo ní Ìsàlẹ̀ Èkó ju gbogbo ìlú yẹn lọ. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó ti ìlú míì débẹ̀ rárá, bàálù ni tàbí réluwéè, réluwéè ọ̀hún tó bá kúrò ní Winnipeg tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn, ó máa rìn ju kìlómítà 1,600 lọ, nǹkan bí ọjọ́ méjì ló ń gbà, torí ilẹ̀ ibẹ̀, yìnyín ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tí òkè ẹ̀ bá ti yọ́ nígbà ooru, irin réluwéè á bẹ̀rẹ̀ sí í rì, wọ́n ò lè sáré lórí ẹ̀. Òtútù ibẹ̀ máa ń fi ìwọ̀n 40 Celsius wọ abẹ́ òdo nígbà míì. Èmi tí mo máa ń wá suwẹ́tà tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ díẹ̀ lóṣù December, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Béárì funfun ńkọ́? Láàárín October sí November wọ́n máa ń gba ìlú yẹn kọjá, wọ́n ń dúró kí omi dì kí wọ́n lè lọ máa pa séèlì, ẹran inú òkun kan, jẹ lórí yìnyín. Torí wọn lọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ kì í fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́tò, kí ẹni tí béárì bá ń lé lè rí ibi sá wọ̀. Ẹ dán ìyẹn wò ní Ìdúmọ̀tà! Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń lé àwọn ẹranko yìí, nọ́ḿbà wà tẹ́ ẹ máa pè, èyí tó bá ṣorí kunkun nínú wọn wọ́n á lọ tì í mọ́lé, tó bá yá wọ́n á fi hẹlikọ́pítà gbé e lọ síbi tó jìnnà.

Àmọ́ ilé kan tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ló wù mí jù nínú gbogbo ohun tí ọmọ yìí sọ. Láti àwọn ọdún 1970 ló ti wà, Town Centre Complex lorúkọ ẹ̀. Abẹ́ òrùlé kan náà ni ọsibítù wà, ibẹ̀ ni iléèwé wà, ibẹ̀ ni láíbùrárì, ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ibi tí wọ́n ti ń wo sinimá, ibi táwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ẹni tó mú ọmọ lọ síléèwé lè gba ibẹ̀ lọ rí dókítà láì tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ síta nínú òtútù. Wọn ò kọ́ ọ torí fáàrí o, wọ́n rò ó pé èèyàn wa ò pọ̀, owó wa ò pọ̀, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan ká máa tọ́jú ẹyọ ilé kan. Àìsàn tó bá ju agbára wọn lọ, bàálù á gbé e lọ sí Winnipeg.

Mi ò sọ pé ọ̀run ni o. Oṣù May 2017, àgbàrá ya irin réluwéè wọn, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni ín nígbà yẹn lóun ò lówó tóun máa fi tún un ṣe, ó wá di pé bàálù ló ń gbé oúnjẹ lọ, gbogbo nǹkan gbówó lórí, àwọn kan kó kúrò nílùú. Ó kù díẹ̀ kí October 2018 parí kí réluwéè tó tún débẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló yọ owó sílẹ̀ tí wọ́n fi ra ọ̀nà irin yẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn yẹn, nígbà tó sì máa fi di 2021 ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ìlú tó wà lápá ibẹ̀ àtàwọn onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ní ibùdókọ̀ òkun níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ti kó wíìtì jáde níbẹ̀ fọ́pọ̀ ọdún, àwọn tó ń wá wo béárì náà ń náwó, ìyẹn wà nínú ẹ̀, ká má parọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní Kánádà lówó, a ò lówó. Ṣé Èkó ni ò lówó? Tiwa tiẹ̀ rọrùn jù, a ò ní yìnyín, a ò ní béárì, a ò ní fi iná móoru sílé. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju ilé gidi kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́tì lórí erékùṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé e ga torí omi, kí wọ́n gbé sólà sórí ẹ̀, kí kíláàsì wà níbẹ̀, yàrá ìtọ́jú wà níbẹ̀, omi tó ṣeé mu, àti yàrá tí tíṣà àti nọ́ọ̀sì á máa sùn, torí tíṣà tó bá ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀ títí èrò fi máa kún, aago mélòó ló fẹ́ dé iléèwé? Òfin ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ akérò máa rìn lórí omi lálẹ́, òfin yẹn dáa, ẹ̀mí èèyàn ni, ṣùgbọ́n aboyún tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní aago méjì òru ńkọ́? Kí wọ́n ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ fún aláìsàn, kí ọlọ́kọ̀ ẹ̀ máa gbowó oṣù, kó máa sùn níbẹ̀.

Kí àwọn tá a dìbò fún l'Áláùsá àtàwọn alága káńsù bá wa dáhùn nínú ìwé ìròyìn yín yìí, erékùṣù wo ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo? Tí wọn ò bá mọ èyí tí wọ́n máa mú, Sàgbòkòjí ò jìnnà sí Àpápá.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Òkè Pópó, Lagos Island.